Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: Ìtàn Ìtúnṣe Àdúgbò àti Níní Ilé ní Èkó

Ọjà Olúwo tí ó wà ní etí ọ̀sà ní ìlú Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà ẹja, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹja àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà àti edé tí àwọn apẹja ń kó bọ̀ láti orí omi ti máa ń gúnlẹ̀, tí ọ̀yà, ọ̀nì àti ìgbín tí wọ́n rí nínú igbó àti àbàtà sì máa ń bá wọn dé orí àtẹ. Ṣùgbọ́n ìlú tí ọjà náà wà nínú rẹ̀ ní ipò mìíràn nínú ìtàn Ìpínlẹ̀ Èkó tí àwọn òǹkọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò: òun ni ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1851 lọ fẹ̀yìn tì, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti padà lọ tẹ àdúgbò kan dó ní àárín Èkó ní ọdún 1862, òun náà sì ni àwọn tí owó ilé ń lé kúrò ní Èkó lóde òní ń wá ra ilẹ̀ sí. Bí a bá to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí tẹ̀ léra, tí a sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn kún un, ó hàn pé ohun tí ó ń pinnu ìgbẹ̀yìn ìtúnṣe àdúgbò, èyíinì ni wíwó ilé tí ó ti gbó, yíya ojú títì àti gọ́tà tuntun, àti kíkọ́ ilé mìíràn dípò, ni ẹni tí òfin kà sí onílé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí òfin bá mọ̀ ni ó ń jẹ èrè títì tuntun. Ẹni tí òfin kò bá mọ̀, ẹrù ni yóò dì.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ìjà Agídìngbì, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè tí ó ti jọba ṣáájú rẹ̀ padà sí ipò. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀, tí Òṣòdì Tápà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, kó ìyàwó, ọmọ, ẹrú àti ọmọ ogun wọn, wọ́n sì bọ́ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí wọ́n ti rí àyè jókòó sí ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà náà ni Ẹ̀pẹ́ ti pín sí apá méjì, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí í ṣe ti àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí í ṣe ti àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ dé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún Káyókáyó títí di òní ní ìrántí ìgúnlẹ̀ wọn. Àwọn tí a lé nílé yìí kò di alágbe. Wọ́n sọ Ẹ̀pẹ́ di èbúté òwò epo pupa tí ó ń bá Èkó du oníbàárà, débi pé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Benjamin Campbell tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, nínú èyí tí Kòsọ́kọ́ ti yọwọ́ nínú ọ̀ràn oyè Èkó, tí wọ́n sì gbà pé òun ni ó ni èbúté Palma àti Lẹ́kí fún ìṣòwò.

Agbára òwò yìí ni ó mú kí ìpadàbọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń tọrọ àyè. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú, tí ó jọba lẹ́yìn Akítóyè, ti fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ìjọba tuntun náà rí i pé ó sàn kí Kòsọ́kọ́ wà nítòsí wọn ju kí ó jókòó sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbà kí ó padà ní ọdún 1862, wọ́n sì fún Òṣòdì Tápà àti àwọn èrò rẹ̀ ní ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó, ibi tí a mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Agbo ilé 21 ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí, olórí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn arọ́tà tirẹ̀. Arọ́tà ni à ń pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóyè, ẹrú àtijọ́ àti àtọmọdọ́mọ wọn, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú agbo ilé láìsan owó ilé, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè ta ojú ibi tí wọ́n ń gbé láìjẹ́ pé olórí àti ẹbí fọwọ́ sí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ilẹ̀ fún wọn ní orúkọ Ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìwé tí ó jọ pé ó sọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ di onílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni àṣà Èkó sì ka ilẹ̀ kan náà sí ti gbogbo agbo ilé.

Ìforígbárí láàárín ìwé àti àṣà yìí ni ó gbé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé ilé ẹjọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba apá kan ilẹ̀ náà fún ìlò ìlú, ìbéèrè dìde lórí ẹni tí yóò gba owó gbà-máà-bínú, bóyá ìdílé Òṣòdì tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn ni, tàbí àwọn tí ń gbé inú agbo ilé. Ẹjọ́ Òṣòdì àti Dakolo lọ títí dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá a ní ọdún 1930. Ní ọdún 1947 ni ìjọba ṣe òfin pàtàkì kan fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan. Àwọn agbẹjọ́rò máa ń ka ìtàn yìí sí ìdàrúdàpọ̀, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ náà ní èrè kan tí a kì í sábà kà sí i: nítorí pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè dá ta agbo ilé, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ dé ṣì wà ní àárín Èkó lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ní ibi tí iye owó ilẹ̀ ti ga kọjá agbára ẹnikẹ́ni nínú wọn bí ó bá jẹ́ pé rírà ni wọn yóò rà á. Àdúgbò yìí náà ni M.K.O. Abíọ́lá yàn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994 láti kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, kò sì ṣòro láti rí ìdí tí ẹni tí ó ń wá àwọn èrò tí wọ́n fìdí múlẹ̀ ní Èkó yóò fi lọ síbẹ̀.

Ẹjọ́ mìíràn tí ó tún gbajúmọ̀ ju ti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ ni ti Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ìjọba sọ pé láti ìgbà tí Dòsùnmú ti fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861 ni ilẹ̀ ti di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ̀tọ́ ìṣàkóso lásán ni ó kù fún olóyè. Ní ọdún 1921 Privy Council dá Olóyè Olúwa láre pé ìyípadà ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn rẹ́, àti pé owó gbà-máà-bínú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́. Herbert Macaulay tí ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fi ẹjọ́ yìí di akọni lójú àwọn ará Èkó. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹbí ni ìdájọ́ náà gbà là. Kò sọ nǹkan kan nípa ayálégbé, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ayálégbé ni yóò pọ̀ jù lọ ní Èkó láàárín ogójì ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Àìsàn ni ó kọ́kọ́ gbé ìjọba wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń padà wá léraléra fún ọdún mélòó kan, àwọn dókítà ìjọba sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé tí ó fún mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Èyí ni ó bí ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB ní ọdún 1928, tí òfin fún ní agbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé, láti ya títì, àti láti ta ojúlé tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Oko-Awo ní erékùṣù Èkó, ó sì la ojú ilé ní Yábàá fún àwọn tí ó fẹ́ kúrò ní erékùṣù. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ogun Hitler sì dá iṣẹ́ dúró.

Iṣẹ́ ńlá tí LEDB ṣe, èyí tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń sọ, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Òmìnira ti ń bọ̀, àwọn olóṣèlú sì kà á sí ìtìjú pé àlejò tí ó bá wọ olú ìlú Nàìjíríà yóò rí páànù ìpẹta àti gọ́tà tí ó ń rùn lẹ́yìn àwọn ilé ìtajà ńlá. Wọ́n fa ìlà yí nǹkan bí éékà 70 ká ní àárín erékùṣù, ibi tí ilé ẹbí, ilé alágbàṣe, ilé ayálégbé àti ìsọ̀ àwọn oníṣòwò ti dì mọ́ ara wọn. Ète wọn ni láti ra gbogbo rẹ̀, láti wó o palẹ̀, láti tún un yà, kí wọ́n sì kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, tí ó jìn sí ọjà wọn ní ìrìn bọ́ọ̀sì. Lórí ìwé, ètò náà kò gbàgbé onílé. Wọ́n ṣe ìlérí pé nígbà tí títì bá dé, ẹni tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ní àǹfààní láti rà á padà, ní iye tí ìjọba san fún un pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí.

Ìlérí yìí yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro náà wà. Owó tí ìjọba san fún ilé ẹbí kan kò lọ sí ọwọ́ ẹnì kan. Ọmọ baba kan náà lè tó ogún, àwọn ọmọ ọmọ sì wà lẹ́yìn wọn, nígbà tí wọ́n bá sì pín in tán, ohun tí ó kan oníkálùkù kò tó ra àwẹ́ ilẹ̀ níbikíbi. Kí ẹbí kan tó lè rà padà, gbogbo àwọn tí wọ́n ti fọ́n ká gbọ́dọ̀ tún owó náà dá jọ, kí wọ́n fi ìdá 20 kún un, kí wọ́n sì tún wá owó tí wọn yóò fi kọ́ irú ilé tí ètò tuntun náà béèrè, èyí tí í ṣe ilé alágbékà tí ó yẹ àárín ìlú. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ayálégbé tilẹ̀ tún burú jù, nítorí òun kò sí nínú ìlérí náà rárá. Ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ni yàrá ní Sùúrùlérè tí ìjọba ti bù kún owó rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì rí i pé owó náà ṣì ju ohun tí wọ́n ń san ní Èkó lọ.

Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fara balẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tí wọ́n ṣẹ́ kù lẹ́nu wò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé ẹbí ní àárín Èkó ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú ìṣirò LEDB: ibẹ̀ ni opó ń padà sí, ibẹ̀ ni arúgbó ń jókòó sí tí àwọn ọmọ ń gbé oúnjẹ kọjá fún, ibẹ̀ sì ni obìnrin oníṣòwò ti ń bọ́ sí iwájú ilé kí oníbàárà tó ń kọjá lọ rí ọjà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ sínú ilé tí a fi ògiri yà sọ́tọ̀ fún ọkọ, aya àti ọmọ, àwọn ìbátan tí ń jọ gbọ́ bùkátà ara wọn fọ́n ká, owó ọkọ̀ wọ inú owó oúnjẹ, òwò àwọn obìnrin sì lọ sílẹ̀ nítorí pé àwọn oníbàárà wọn kò tẹ̀ lé wọn. Marris kò sọ pé ilé Sùúrùlérè burú. Ilé náà dára. Bí owó tí ń wọlé fún àwọn tí a kó sínú rẹ̀ yóò ṣe gbé e ni kò sí ẹni tí ó ṣírò. Ètò náà fúnra rẹ̀ kò parí bí wọ́n ṣe pète rẹ̀, apá kan ilẹ̀ tí wọ́n wó sì wà lásán fún ìgbà pípẹ́.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní àkókò náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé ti ọdún 1949 fún àwọn ìlú ní owó láti wó àdúgbò tí wọ́n pè ní àkúrẹtẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdúgbò wọ̀nyí sì jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí ètò owó ilé ìjọba kan náà ti kọ̀ láti yá lówó láti àwọn ọdún 1930. Ìjọra náà wà nínú pé ibi méjèèjì ni a ti fi bí ilé àdúgbò kan ṣe gbó dá a lẹ́bi, kí a tó wó o.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kúrò ní àárín Èkó kò lọ sí Sùúrùlérè rárá. Wọ́n kọjá ààlà ìlú lọ sí Muṣin àti Ṣómólú, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú kò sì tíì dé. Ibẹ̀ ni àṣà níní ilé tí àwọn ará Èkó òde òní mọ̀ ti gbilẹ̀: ènìyàn á ra ojúlé kan lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, á gba ìwé ẹ̀rí tí àwọn àgbà ẹbí fi àtẹ̀ka sí, á fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, á kọ́ yàrá méjì, á kó wọ inú wọn, á fi yàrá kẹta àti ìkẹrin tí ó kọ́ lẹ́yìn náà gba ayálégbé, owó ayálégbé á sì tún gbé ògiri tí ó kù dìde. Sandra Barnes, tí ó kọ ìwé lórí Muṣin ní ọdún 1986, ṣàkíyèsí pé onílé kì í ṣe olówó nìkan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ń parí ìjà, òun ni ó ń bá àgọ́ ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni olóṣèlú ń wá ìbò gbà. Ilé níní jẹ́ ọ̀nà tí àlejò fi ń di ọmọ ìlú.

Owó tí ó kọ́ Muṣin kò ti báńkì wá. Èésú ni, tí Samuel Johnson ti ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń dá iye kan náà ní àkókò kan náà, tí ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yí gbogbo wọn ká; àjọ sì wà pẹ̀lú, tí alájọ ń gbà lójoojúmọ́ lórí àtẹ, irú èyí tí ó ṣì ń lọ ní Ọjà Olúwo. Ní ti ìjọba, Nigerian Building Society tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 ni ó kọ́kọ́ ń yá ènìyàn lówó lórí ilé, tí ilé náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìdógò. Ní 1977 ó di Federal Mortgage Bank. Òfin Àpò Owó Ilé ti Orílẹ̀-Èdè tí ó dé ní 1992 sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò kan, kí ó lè yá owó níbẹ̀ pẹ̀lú èlé ìdá 6 fún ìwọ̀n ọdún tí ó lè tó 30. Èlé náà kéré, kò sì sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó náà gbọ́dọ̀ mú ìwé owó oṣù àti ìwé ilẹ̀ tí ìjọba mọ̀ wá, ìwé méjì tí obìnrin tí ń ta ẹja yíyan kì í ní.

Ìwé ilẹ̀ yìí sì ti le sí i láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú fún ará ìlú, ó sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ di ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ìlò, ó sì béèrè pé kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó ta ẹ̀tọ́ náà tàbí kí ó fi í dógò. Ìwé àṣẹ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní C of O, wá di ohun tí ó ya ilé tí báńkì ń wò kúrò lára ilé tí báńkì kì í wò. Àwọn ẹbí onílẹ̀ kò sì tìtorí òfin dẹ́kun títà. Wọ́n ń ta, wọ́n ń tún tà, ọmọ onílẹ̀ sì ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tí ó ti sanwó ilẹ̀ tán, títí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ààbò dúkìá ní ọdún 2016, lábẹ́ Gómìnà Akínwùmí Aḿbọ̀dé tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, láti fi de fífi agbára gba ilẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, ìgbà kan wà tí ìjọba kọ́ ilé fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ní tòótọ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Badagry dara pọ̀ mọ́ erékùṣù, ní 1972 sì ni wọ́n pa LEDB, àjọ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti àjọ ètò ìlú ti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ di LSDPC. Láti 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè lo àjọ yìí láti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé kéékèèké sí Abẹ́sàn, Òkè-Afá, Ìpọ́nrí, Ìbà, Àmúwò àti àwọn ibòmíràn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ilé bú àwọn ilé náà pé wọn kò lẹ́wà, àwọn ẹlòmíràn sì ní ògiri wọn fẹ́lẹ́. Síbẹ̀ olùkọ́, akọ̀wé ọ́fíìsì àti awakọ̀ ni ó gba kọ́kọ́rọ́ wọn, láìní C of O tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó sì wà lónìí tí ilé Jákàńdè jẹ́ ilé àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wọn ní. Kò sí ìjọba Èkó kankan láti ìgbà náà tí ó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Maroko, àdúgbò tí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ tó nǹkan bí 300,000, ní ẹ̀gbẹ́ Victoria Island. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n kó lọ sí ilé tí kò tíì parí ní Ìlasàn àti Ìkọ̀tá, ilẹ̀ tí wọ́n lé wọn kúrò lórí rẹ̀ sì di ibùgbé àwọn olówó. Ní 2006, ìjọba yá owó tí ó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti fi tún àdúgbò mẹ́sàn-án ṣe láìlé àwọn tó ń gbé inú wọn, Mákòókò, Ajégúnlẹ̀, Badia àti Ìwáyà wà lára wọn. Síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2013, katakata wọ Badia, ó sì wó ilé àwọn ènìyàn tí orúkọ àdúgbò wọn wà nínú ìwé àtúnṣe kan náà.

Ètò tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá gbé kalẹ̀ ní 2014, tí a mọ̀ sí LagosHOMS, gbìyànjú láti yanjú ọ̀ràn náà láti apá rírà. Ẹni tí kò tíì ní ilé rí, tí ó sì ń san owó orí, lè mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé wá, kí ó sì san èyí tí ó kù fún ọdún 10. Ìdá 30 yìí ni ó ti ọ̀pọ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ni ìjọba Aḿbọ̀dé fi mú ètò háyà-di-tẹni wá ní 2016, tí ènìyàn yóò san ìdá 5 péré ní ìbẹ̀rẹ̀, tí owó háyà oṣooṣù yóò sì sọ ilé di tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10. Èyí súnmọ́ ọgbọ́n èésú ju ètò yòówù tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, àìpọ̀ ilé sì ni àbùkù rẹ̀ tí ó tóbi jù.

Nísinsìnyí, ìdààmú náà ti yí padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1980, agbègbè òwò ọ̀fẹ́ ti Lẹ́kí, èbúté jíjìn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ti sọ ilẹ̀ àbàtà tí apẹja ń gbà kọjá di ohun tí àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń rà lórí fóònù. Ìkòròdú ti gba àwọn ayálégbé tí owó ilé lé kúrò ní Ṣómólú àti Kétu. Ẹ̀pẹ́ ni ó kàn. Àwọn ẹbí ń ta éékà lé éékà fún àwọn ilé iṣẹ́ onílẹ̀ tí ń tún un gé tà, owó náà sì ń pín láàárín àwọn ọmọ ẹbí bí owó gbà-máà-bínú ti 1955 ṣe pín, tí ó ń tán bí ti ìgbà náà ṣe tán. Ẹni tí ó fi tirẹ̀ ra ọ̀kadà kò ní lè ra ojúlé kan padà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i.

Àwọn ẹbí onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ní ohun kan tí àwọn ẹbí àárín Èkó kò ní ní 1955, èyíinì ni àkókò. Ó yẹ kí wọ́n pe sọ́féyọ̀ wá wọn ohun tí ó kù, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀ sílẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí wọ́n sì máa fi ilẹ̀ háyà fún ọdún tí ó lóǹkà dípò kí wọ́n tà á pátápátá. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gba ìwé àjọ àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé oníṣòwò lè san owó ilé, kí ó sì fi í sínú òfin pé ayálégbé tí ó ti pẹ́ ní àdúgbò tí a fẹ́ tún ṣe ni a ó kọ́kọ́ fi ilé tuntun lọ̀. Kí wọ́n ṣe é kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri, nítorí ohun tí a bá sọ lẹ́yìn ìgbà náà kì í wọ inú ìwé mọ́.